Kò di ìgbà tí a bá ń jẹ ẹran kí iṣan ara tó le: Iṣẹ́ tí ẹ̀wà, sóyà àti ẹ̀pà ń ṣe

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹran nìkan ni ó ń sọ ènìyàn di alágbára. Bí wọ́n bá rí gìrìpá ọkùnrin tí apá rẹ̀ ki, tí àyà rẹ̀ sì fẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ẹran pọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Èrò yìí ti kó àwọn ènìyàn sí wàhálà lọ́nà méjì. Èkíní, àwọn òbí tí apá wọn kò ká owó ẹran mọ́ gbà pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i, wọ́n sì ń fi ẹ̀bà ńlá àti ọbẹ̀ lásán bọ́ àwọn ọmọ wọn. Èkejì, àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbé irin kí ara wọn lè le ń ná owó gọbọi lórí ìyẹ̀fun inú ike tí ó ti òkè òkun wá, nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá wà lórí àtẹ àwọn ìyá elẹ́wà lọ́jà.

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà ni pé oúnjẹ oko lè mú iṣan dàgbà bí ẹran ti ń ṣe é, bí ó bá ti pọ̀ tó, tí a sì mọ bí a ṣe ń pa oríṣiríṣi rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oúnjẹ oko ni ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, òun náà sì ni a fẹ́ là yé ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Kí ni iṣan, báwo ni ó sì ṣe ń dàgbà?

Iṣan tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹran tí ó bo egungun wa ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń pè ní mọ́sù. Òun ni ó ń jẹ́ kí a lè rìn, kí a gbé ẹrù, kí a fa omi nínú kànga, kí a sì dìde lórí àga. Bí a bá yọ omi kúrò nínú iṣan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kù ni èròjà amúaradàgbà, tí àwọn elétò ìlera ń pè ní purotéènì.

Ojoojúmọ́ ni ara ń tú díẹ̀ lára iṣan palẹ̀, tí ó sì ń tún un mọ, bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń yọ búlọ́ọ̀kù tí ó ti gbó kúrò lára ògiri, tí ó ń fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, ìbáà jẹ́ pé ó ń kọ ebè ni tàbí pé ó ń gbé irin, iṣan rẹ̀ yóò gba àṣẹ pé kí ó nípọn sí i. Ṣùgbọ́n àṣẹ nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù yìí ni à ń pè ní amínò ásíìdì. Oríṣi 20 ni ara ń lò. Ara àgbàlagbà lè fúnra rẹ̀ ṣe 11 nínú wọn, ṣùgbọ́n dandan ni kí 9 yòókù ti inú oúnjẹ wá. Ara kò sì ní àká tí ó lè kó wọn pamọ́ sí fún ọjọ́ pípẹ́ bí ó ti ń kó ọ̀rá pamọ́. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a máa jẹ oúnjẹ amúaradàgbà lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìnáwó nìkan.

Àwọn kan máa ń sọ pé koríko nìkan ni màlúù ń jẹ, síbẹ̀ ó lágbára ju ènìyàn lọ, nítorí náà ewé nìkan tó ènìyàn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú agbẹ̀du màlúù kún fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, àwọn ni wọ́n ń sọ koríko di purotéènì fún un. Ènìyàn kò ní irú agbẹ̀du bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá jẹ ni a óò rí lò.

Oúnjẹ oko wo ni ó ní in, èwo ni kò ní in?

Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, purotéènì tí ó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 23. Ti sóyà gbígbẹ tó nǹkan bí 36. Ti ẹ̀pà jẹ́ nǹkan bí 25, ti ẹ̀gúsí tí a ti bó jẹ́ nǹkan bí 28, ti yànmọ̀tí sì jẹ́ nǹkan bí 17. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àgbàdo gbígbẹ, yóò já wálẹ̀ sí nǹkan bí 9, ti ìrẹsì sì jẹ́ 7. Iṣu tútù kò ju gíráàmù kan àti ààbọ̀ lọ, gàrí pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀. Ti ẹran màlúù tútù tí kò lọ́ràá púpọ̀ wà láàrin 20 sí 22.

Ẹni tí ó bá wo iye yìí lè rò pé ẹ̀wà ju ẹran lọ. Kí ó má ṣe yára. Ẹ̀wà gbígbẹ ni a wọ̀n. Bí a bá sè é, omi yóò wọ inú rẹ̀, gíráàmù 100 ẹ̀wà jíjinná kò sì ní ju gíráàmù 8 purotéènì lọ. Bí ẹran bá jinná, omi ló ń jáde lára rẹ̀, nítorí náà ti inú rẹ̀ yóò ki sí i. Ìtumọ̀ èyí ni pé ṣíbí ẹ̀wà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì kò lè ṣe iṣẹ́ ẹran. Àwo ẹ̀wà gidi ni ó lè ṣe é.

Ẹ̀fọ́, ewédú àti ilá ní àǹfààní tiwọn, nítorí wọ́n ní àwọn èròjà fítámì tí ara kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Ṣùgbọ́n purotéènì inú wọn kéré, a kò sì lè jẹ ẹ̀fọ́ tó bí iṣan ṣe ń fẹ́. Ẹ̀bà, àmàlà àti iyán, agbára ni wọ́n ń fún ènìyàn. Iṣẹ́ tiwọn náà ṣe pàtàkì, nítorí bí ara kò bá rí ohun tí yóò fi ṣe agbára, purotéènì ni yóò sọ di igi ìdáná. Ṣùgbọ́n bí òkèlè nìkan bá kún inú, ara yóò ní igi ìdáná, kò ní ní búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀kọ́ tí àìsàn àwọn ọmọdé kọ́ wa

Ní ọdún 1933, oníṣègùn òyìnbó kan, Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà lónìí. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà wú, awọ ara wọn ń bó, irun wọn yí àwọ̀ padà, iṣan apá wọn sì ti joro. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn Gáà fúnra wọn ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, èyí tí ó ń tọ́ka sí àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí àbúrò rẹ̀ tí a bí tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn ìyá fi ń bọ́ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọmú kò ju ẹ̀kọ àgbàdo lọ. Àwọn onímọ̀ ti rí i láti ìgbà náà pé kì í ṣe àìtó purotéènì nìkan ni ó ń fa àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ẹ̀kọ lásán kò tó ọmọ tí ń dàgbà.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ̀ nípa ìyà yìí, nítorí ògì ni a fi ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọ̀nà àbáyọ tí a wá kò sì jẹ́ ẹran. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oshòdì, tí a mọ̀ sí FIIRO, pèsè sóyà-ògì, ìyẹn ògì àgbàdo tí a pò mọ́ sóyà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ibùdó IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn obìnrin bí wọn ṣe lè fi sóyà se àwọn oúnjẹ tí ilé mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lára ohun tí ó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà ni wàrà sóyà, èyí tí wọ́n ń dín tà lójú títì. Bí èyí bá lè gbé ọmọ tí ó ti rù dìde, ẹni tí ara rẹ̀ le yóò rí àǹfààní jẹ nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àdàlú: ọgbọ́n àwọn ìyá wa

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin purotéènì inú ẹran àti ti inú oúnjẹ oko. Àwọn amínò ásíìdì 9 tí a mẹ́nu bà pé pérépéré nínú ẹran, ẹyin àti wàrà. Nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ oko, gbogbo wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn máa ń kéré. Èyí tí ó kéré nínú àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà ni láísínì. Èyí tí ó kéré nínú ẹ̀wà ni mẹtiónínì. Ẹ̀wà sì ní láísínì púpọ̀, nígbà tí mẹtiónínì tí ó wà nínú àgbàdo, ìrẹsì àti yànmọ̀tí pọ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dà bí òwe tí àwọn àgbà ń pa, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pa ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀, àbùkù tí ó wà lára ọ̀kan, èkejì yóò bò ó.

Kí onímọ̀ kankan tó yẹ amínò ásíìdì wò ni àwọn ìyá wa ti ń se àdàlú, tí wọ́n ń pa ẹ̀wà àti àgbàdo pọ̀ sínú ìkòkò kan. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ògì àti àkàrà, ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ di dandan kí méjèèjì wà nínú àwo kan náà. Bí a bá jẹ ọ̀kan ní àárọ̀, tí a jẹ èkejì ní alẹ́, ara yóò kó wọn pọ̀ fúnra rẹ̀. Ti sóyà yàtọ̀ díẹ̀, nítorí amínò ásíìdì inú rẹ̀ súnmọ́ ti ẹran ju ti àwọn ẹ̀wà yòókù lọ.

Ṣé ẹ̀rí wà?

Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì São Paulo ní orílẹ̀-èdè Brazil gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin 19 tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹran wá, wọ́n sì mú 19 mìíràn tí ń jẹ ẹran. Gbogbo wọn jọ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12, purotéènì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lójúmọ́ sì jẹ́ gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ìyẹ̀fun sóyà ni wọ́n fi kún oúnjẹ àwọn àkọ́kọ́, ti wàrà ni wọ́n fi kún ti àwọn èkejì. Nígbà tí wọ́n wọn iṣan ẹsẹ̀ wọn àti agbára wọn níkẹyìn, kò sí ìyàtọ̀ tí ó ṣe gúnmọ́ láàrin wọn. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, ọ̀dọ́ sì ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó fihàn ṣe kedere: bí ìwọ̀n purotéènì bá dọ́gba, ibi tí ó ti wá kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì mọ́.

Kendrick Farris, tí kì í jẹ ẹran, ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí ó gbé irin fún Amẹ́ríkà ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2016 ní Rio. Ní ọdún 2013, ní ìlú Toronto, Patrik Baboumian láti Jámánì, tí òun náà kò jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹran wá, ru irin tí ó wọ̀n tó kílò 550, ó sì gbé e rìn tó mítà 10. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní nìkan. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ máa ń pe àwọn ajàgídíjàgan tí ń jà ní gbàgede wọn ní ajẹ-báálì. Ní ọdún 2014, àwọn tí wọ́n yẹ egungun àwọn ajàgídíjàgan tí a sin sí Éfésù wò rí i pé ọkà àti ẹ̀wà ni ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn.

Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a jẹ

Àjọ ìlera àgbáyé sọ ní ọdún 2007 pé gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ó tó àgbàlagbà lójúmọ́. Ẹni tí ó bá wọ̀n kílò 60 nílò nǹkan bí gíráàmù 50. Ẹni tí ó fẹ́ kí iṣan rẹ̀ pọ̀ sí i, tí ó sì ń gbé irin, nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàrin 1.2 sí 2.0 ni àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń dá lábàá, 1.6 sì tó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹni kílò 60, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 96. Nítorí pé purotéènì inú oúnjẹ oko kì í dà tán nínú ikùn bíi ti ẹran, ó dára kí ẹni tí kì í jẹ ẹran fi díẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ sínú oúnjẹ ọjọ́ kan. Ní àárọ̀, àkàrà tí a fi gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ṣe yóò fún un ní 23. Ìwọ̀n ẹ̀wà yìí kò kún agolo mílíìkì kan. Bí ó bá fi ògì tí a po gíráàmù 40 ìyẹ̀fun sóyà mọ́ mu ún, 14 mìíràn dé. Ní ọ̀sán, gíráàmù 100 ẹ̀wà yóò mú 23 wá, gíráàmù 100 ìrẹsì yóò mú 7 wá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀pà gíráàmù 50 yóò fi 12 kún un. Ní alẹ́, gíráàmù 50 ẹ̀gúsí nínú ọbẹ̀ jẹ́ 14, iyán tí ó fi jẹ ẹ́ jẹ́ nǹkan bí 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 97. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sì sí ìyẹ̀fun òkè òkun níbẹ̀. Bí ó bá wá rí ẹyin kan tàbí ẹja díẹ̀ fi kún un, èrè ni.

Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé oúnjẹ nìkan kì í mọ iṣan. Ẹni tí ó jẹ gbogbo èyí tí ó sì jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, ọ̀rá ni yóò kó jọ. Iṣẹ́ agbára, oorun tí ó tó, àti sùúrù ni ó kù. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi kún ìwúwo tí à ń gbé.

Ohun tí oúnjẹ oko kò ní

Ẹni tí ó bá pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kò sí oúnjẹ oko kan tí a lè gbára lé fún fítámì B12, irú pàápàá kò tó. Àìtó rẹ̀ lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri inú ara jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti máa lo hóró oògùn rẹ̀ lábẹ́ ìtọ́sọ́nà àwọn elétò ìlera. Ayọ́ọ̀nù inú ẹ̀wà pẹ̀lú kì í tètè wọ ara, ṣùgbọ́n ọsàn tàbí ata tútù tí a bá jẹ pẹ̀lú rẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́, nígbà tí tíì tí a mu pẹ̀lú oúnjẹ ń dí i lọ́wọ́.

Àwọn ọkùnrin kan ń sá fún sóyà nítorí wọ́n gbọ́ pé ó ń dín agbára ọkùnrin kù. Àwọn tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2010 àti 2021 kò rí i pé ó ń dín èròjà ìjẹ́-ọkùnrin inú ara kù.

Ohun tí a ní láti ṣọ́ra fún

A kò gbọ́dọ̀ jẹ sóyà ní tútù. Ó ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ikùn, iná nìkan ni ó lè ṣẹ́gun rẹ̀. Kí a sè é dáadáa kí a tó lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ẹ̀pà tí ó bá ti hu, tí ó ti rẹ̀ dànù tàbí tí ó ń korò, kí a dà á nù, nítorí oró inú èbu ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kì í sì í pa á tán.

Ti ẹ̀wà ṣòro díẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n wà ní ìṣọ̀kan fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, pọ̀ lára rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò yẹ kí oògùn náà kan oúnjẹ rárá. Kí a má ṣe gbà pé fífọ̀ àti síse yóò mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó bá ń tọ́jú ẹ̀wà, kí ó gbẹ ẹ dáadáa, kí ó sì dì í sínú ike tàbí àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò kò lè yè níbi tí kò sí afẹ́fẹ́.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ fi kún purotéènì tí ó ń jẹ láìjẹ́ pé ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn àgbàlagbà

Bí a bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ọdún, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, ó ń yára sí i. Òun ni ó ń mú kí bàbá tí ó ti ń dá oko etílé ro rí máa wá ọwọ́ tí yóò fà á dìde lórí àga. Síbẹ̀, àwọn ni a sábà ń gbé àmàlà àti ewédú síwájú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, nítorí ó rọrùn láti gbé mì. Àwọn onímọ̀ dá a lábàá ní ọdún 2013 pé kí ẹni tí ó ti kọjá ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju ti ọ̀dọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára lọ.

Bí ìyá tàbí bàbá bá sọ pé ẹ̀wà ń fún òun níkùn, kí a rẹ ẹ́ sómi, kí a bó o, kí a fi ṣe mọ́ínmọ́ín tàbí èkuru. Kí a se gbẹ̀gìrì lé àmàlà náà lórí. Kí a sì rọ̀ wọ́n láti máa dìde, kí wọ́n máa jókòó lórí àga ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́ láìfi ọwọ́ ti nǹkan, bí ara wọn bá gbà á.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹran rà, kí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò rí i rà má ṣe fọwọ́ lẹ́rán, kí ó má sì jẹ́ kí òkèlè nìkan tan òun jẹ. Kí ó kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ìyá elẹ́wà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá onígàrí.